Bí Ẹ Ṣe Lè Wo Dokhunda, Fíìmù Ilẹ̀ Tàjìkìstán ti Ọdún 1956, Kí Ó sì Yé Yín

Kí ẹ tó tan fíìmù yìí, ẹ wá bébà kan àti bíró. Ẹ fa ìlà gbọọrọ méjì sí i kí ó lè pín sí ọ̀nà mẹ́ta. Ní ìpín àkọ́kọ́, ẹ kọ «ẹni tó ni owó». Ní ìkejì, «ẹni tó jẹ gbèsè». Ní ìkẹta, «ẹni tí wọ́n fi dógò». Mo mọ̀ pé ó lè dà bí ohun tí akọ̀wé ẹgbẹ́ àjọ yóò ní kí ènìyàn ṣe, ṣùgbọ́n nígbà tí mo kọ́kọ́ wo Dokhunda láìsí bébà kankan lọ́wọ́, ojú ìtàn ìfẹ́ ni mo fi wò ó, mo ń retí ìgbà tí ọmọkùnrin yóò rí ọmọbìnrin fẹ́, oorun sì gbé mi lọ. Ìgbà kejì tí mo ń kọ gbèsè sílẹ̀ bí mo ṣe ń gbọ́ ọ ni fíìmù náà tó ṣí sílẹ̀ fún mi. Ìtàn gbèsè ni, ìfẹ́ àti ogun sì ń rìn lẹ́yìn rẹ̀.

Boris Kimyagarov ló darí fíìmù náà, ilé iṣẹ́ fíìmù tó wà ní olú ìlú Tàjìkìstán, orílẹ̀-èdè kan ní àárín gbùngbùn Éṣíà, ló sì gbé e jáde. Dushanbe ni à ń pe ìlú náà lónìí, ṣùgbọ́n láti ọdún 1929 títí di 1961, Stalinabad ni orúkọ rẹ̀, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí ó rú yín lójú bí ẹ bá rí orúkọ yẹn nínú àkọsílẹ̀. Inú ìwé ìtàn àròsọ Sadriddin Ayni ni wọ́n ti mú un. Ọdún 1930 ni ìwé náà jáde, òun sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kà sí ìwé ìtàn àròsọ gígùn àkọ́kọ́ ní èdè Tajik. Lev Kuleshov, ọ̀kan nínú àwọn àgbà olùdarí fíìmù ilẹ̀ Rọ́ṣíà, ti kọ́kọ́ gbìyànjú láti sọ ọ́ di fíìmù ní nǹkan bí ogún ọdún ṣáájú ti Kimyagarov, iṣẹ́ náà kò sì parí.

Ohun kejì tí ẹ ó ṣe ni pé kí ẹ mọ ìtàn náà ṣáájú. Èmi kì í sábà gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kí ó mọ òpin fíìmù kí ó tó wò ó, ṣùgbọ́n fíìmù ilẹ̀ Sófíẹ̀tì, ìjọba tí Rọ́ṣíà ṣe olórí tí Tàjìkìstán wà lábẹ́ rẹ̀ nígbà náà, kì í fi òpin pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Gbogbo ẹni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì ló mọ̀ pé ìjọba ọba yóò wó, tálákà yóò sì dìde. Yodgor ni ọmọkùnrin tí ìtàn dá lé lórí. Ọmọ òtòṣì ni, láti àwọn òkè tó wà ní apá ìlà oòrùn ilẹ̀ Bukhara. Nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, gbèsè ni ogún tó jẹ, olówó sì di ọmọ náà mú pé kí ó máa sin òun dípò owó. Ó fẹ́ràn ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Gulnor, ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní ara rẹ̀, báwo ni yóò ṣe ní aya? Ó sá, ó rìn káàkiri, ìyà jẹ ẹ́ níbi tó sá dé, nígbẹ̀yìn ó bá àwọn tó ń bá ọba jà lọ. Dokhunda kì í ṣe orúkọ àbísọ rẹ̀. Orúkọ tí wọ́n máa ń fi pe àwọn tálákà ará òkè ni, irú orúkọ tí ẹni tó jókòó pẹ̀sẹ̀ nínú ìlú máa ń sọ àlejò tó wọ̀lú wá iṣẹ́ ṣe. Nígbàkígbà tí ẹ bá gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnìkan nínú fíìmù náà, ẹ wo ojú ẹni tó pè é: ṣé ó ń fi í pe èèyàn ni, àbí ó ń fi í tì í sẹ́yìn?

Ibi tí a ti sàn ju ọ̀pọ̀ òǹwòran lọ nìyí, torí pé àwa ní ọ̀rọ̀ tó bá ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Yodgor mu. Nígbà tí èmi àti ìyá mi jọ wò ó, kò tíì ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ tí ìyá mi fi béèrè pé, «Ṣé ìwọ̀fà ni ọmọ yìí ni?» Mo dá fíìmù dúró, nítorí ìbéèrè yẹn ni mo ti ń wá ọ̀rọ̀ fún láti ìgbà àkọ́kọ́. Ní ilẹ̀ Yorùbá láyé àtijọ́, bí bàbá bá yá owó, ó lè fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà lọ́dọ̀ olówó. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe lóko olówó kì í dín owó náà kù rárá, nítorí èlé ni iṣẹ́ náà dúró fún. Ó lè roko fún ọdún mẹ́wàá, kí ojú owó má fi ẹyọ kan dín, àfi ìgbà tí ẹnìkan bá ru odidi owó wá. Ẹ fi èyí sọ́kàn dáadáa, nítorí òun ló fà á tí Yodgor kò fi lè «ṣiṣẹ́ kí ó san án tán» bí ọ̀dọ́ ayé òde òní ṣe máa ń bi mí pé kí ló dé tí kò ṣe bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ má fi àfiwé náà rin ìrìn tó pọ̀ jù. Ìwọ̀fà tiwa kì í ṣe ẹrú; ó ní ìdílé tó mọ ibi tó wà, ó ní àkókò tó fi ń ṣe oko tirẹ̀, àwọn èèyàn rẹ̀ sì lè wá rà á padà. Ọmọ òkè tí bàbá rẹ̀ ti kú, tí kò mọ̀wé, tí ó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ olówó nìkan ni ìṣirò gbèsè wà, ta ni yóò bá a ka owó náà? Ìpín kẹta inú bébà yín ni ẹ ó máa wò jù. Ẹni tó jẹ gbèsè ti wà nínú sàréè. Ẹni tí wọ́n fi dógò ló ń gbé omi, tó ń da ẹran, tó ń jẹ ẹgba. Ayni kò sọ èyí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nínú ìwé tó kọ ṣáájú Dokhunda, tí ó sọ nípa tálákà kan tó ń jẹ́ Odina, ọ̀nà kan náà ló gbà bẹ̀rẹ̀: ọmọ òrukàn, olówó, gbèsè.

Lẹ́yìn èyí, ẹ nílò ìtàn ilẹ̀ náà díẹ̀, kì í ṣe púpọ̀. Bukhara jẹ́ ìlú ńlá tó wà nínú Ùsbẹ̀kìstán òde òní. Ẹ́míà ló ń jọba lé e lórí, ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ sì nà dé àwọn òkè tó di Tàjìkìstán lónìí. Láti nǹkan bí ọdún 1868 tí àwọn ọmọ ogun Rọ́ṣíà ti ṣẹ́gun rẹ̀ ni Ẹ́míà ti wà lábẹ́ òjìji olú ọba Rọ́ṣíà, ṣùgbọ́n wọ́n fi í sílẹ̀ kí ó máa ṣe àwọn ará ilé rẹ̀ bó ṣe wù ú. Àwọn aṣojú ọba ní agbègbè kọ̀ọ̀kan ń gba owó orí oko, wọ́n ń gba sàká lórí ẹran, ohun tí wọ́n bá sì rí gbà ni àwọn náà fi ń jẹun, nítorí náà kò sí ẹni tó ń gba ìwọ̀nba. Adájọ́ ni wọ́n ń pè ní qozī, ọ̀rọ̀ Lárúbáwá kan náà tó di alkálì lẹ́nu àwọn ará Ìlọrin. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1920, àwọn ọmọ ogun Pupa, ìyẹn ọmọ ogun ìjọba Kọ́múníìsì tó gba ipò olú ọba Rọ́ṣíà, gba Bukhara, Ẹ́míà Alim Khan sì sá, ó gba ìlà oòrùn lọ, kí ó tó wọ Afghanístàn.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ìdí tí ẹni tó kọ ìtàn yìí fi kọ ọ́ pẹ̀lú ìkannú, ẹ wá àwòrán ẹ̀yìn rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀yìn rẹ̀. Ọdún 1878 ni wọ́n bí Ayni ní abúlé kan nítòsí Bukhara. Bàbá àti ìyá rẹ̀ kú ní ọdún kan náà, 1889, nígbà tí kò tíì ju ọmọ ọdún mọ́kànlá lọ. Ó kẹ́kọ̀ọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà Mùsùlùmí, ó sì ń ṣe iṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ kí ó lè rí jẹ. Nígbà tó dàgbà, ó dara pọ̀ mọ́ àwọn tó fẹ́ ilé ìwé tuntun àti àtúnṣe sí ìjọba. Ní ọdún 1917, Ẹ́míà ní kí wọ́n nà án ní ẹgba márùndínlọ́gọ́rin, kí wọ́n sì jù ú sí àtìmọ́lé. Àwọn ọmọ ogun Rọ́ṣíà tó ti dìtẹ̀ sí ọba tiwọn ló yọ ọ́ jáde. Wọ́n ya àwòrán rẹ̀ lẹ́yìn náà: ó kọ ẹ̀yìn sí kámẹ́rà, kò wọ aṣọ lókè, ẹgba sì ti fọ́ awọ ara rẹ̀ láti èjìká sísàlẹ̀. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni àwọn ènìyàn Ẹ́míà pa àbúrò rẹ̀. Ẹ wo àwòrán náà fún ìṣẹ́jú kan kí ẹ tó tan fíìmù. Ẹni tó bá rí i kò ní sọ mọ́ pé ìyà inú fíìmù náà ti pọ̀ jù.

Ó kù kí ẹ rí fíìmù náà. Bí ẹ bá fi lẹ́tà tiwa nìkan wá a lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, díẹ̀ ni ẹ ó rí, nítorí àwọn kan ń kọ ọ́ ní Dohunda, àwọn mìíràn ní Dokhunda. Ẹ da èyí kọ gẹ́gẹ́ bó ṣe wà: Дохунда 1956. Bí ẹ bá tún fi orúkọ olùdarí kún un, Кимягаров, ẹ ó bọ́ lọ́wọ́ àwọn ohun mìíràn tó ń jẹ́ orúkọ kan náà. Ẹ yẹ ọdún wò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì yẹ gígùn rẹ̀ wò, nítorí àwọn èèyàn máa ń gé fíìmù àtijọ́ sí wẹ́wẹ́, wọ́n á sì gbé apá kejì sókè láìsí apá kìíní.

Ẹ tẹ́tí sí ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́ láti mọ èdè tó wà lórí rẹ̀. Tajik jẹ́ ọmọ ìyá kan náà pẹ̀lú èdè Páṣíà tí wọ́n ń sọ ní Iran, ó kàn jẹ́ pé lẹ́tà àwọn ará Rọ́ṣíà ni wọ́n fi ń kọ ọ́ láti ọdún 1940. Bí ẹ bá ń gbọ́ «da» àti «nyet» fún bẹ́ẹ̀ ni àti bẹ́ẹ̀ kọ́, tí ẹnu àwọn òṣèré kò sì bá ohùn mu, ohùn Rọ́ṣíà ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Bí ó bá jẹ́ «ha» àti «ne», Tajik ni ẹ ń gbọ́. Ẹ̀yà Rọ́ṣíà rọrùn fún ẹ̀rọ láti kọ ọ̀rọ̀ sí ìsàlẹ̀ àwòrán kí ó sì túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ yín bá tẹ ẹ̀yà Tajik, òun ni mo fẹ́ kí ẹ mú, kódà bí ìtumọ̀ bá máa ṣe ségesège. Ìdí rẹ̀ ni pé etí yín yóò ṣe alábàápàdé ìbátan níbẹ̀. Èdè wa àti tiwọn ti yá lọ́wọ́ Lárúbáwá: «vaqt» wọn ni wákàtí wa, «sabr» wọn ni sùúrù wa, «duo» ni àdúà, «barakat» ni àlùbáríkà. Ẹ̀rù lè bà yín nígbà tí olówó bá sọ pé kí tálákà ní sùúrù, tí ẹ sì gbọ́ ọ láìsí ògbufọ̀.

Ọ̀rọ̀ mẹ́rin mìíràn ni kí ẹ kọ́ sórí. «Qarz» ni gbèsè. «Boy» ni olówó. Ohùn Rọ́ṣíà a máa pè é ní «bai». «Kambaghal» ni tálákà. «Ozodī» ni òmìnira. Nígbàkígbà tí ẹ bá gbọ́ «qarz», tàbí «dolg» bí ó bá jẹ́ Rọ́ṣíà, ẹ padà sórí bébà yín.

Ẹ wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kíní, ẹ má dá a dúró rárá, ẹ jẹ́ kí ó ṣàn lọ, kí ìrìn rẹ̀ tó falẹ̀ má bàa sú yín. Kámẹ́rà ayé ìgbà náà kì í sáré. Ojú tí yóò bá sunkún lè pẹ́ lórí àwòrán ju bí a ti fẹ́ lọ, orin a sì máa sọ ohun tí òṣèré ti sọ tán. Kò sí ohun tí a lè ṣe sí i. Lẹ́ẹ̀kejì, ẹ máa dá a dúró nígbà tí ènìyàn bá pọ̀ nínú yàrá kan, kí ẹ sì wo ibi tí kálukú jókòó sí. Ní ilé àwọn Tajik, aṣọ oúnjẹ ni wọ́n máa ń tẹ́ sílẹ̀, wọ́n á jókòó yí i ká. Ẹni tó lọ́lá jù ni yóò jókòó síbi tó jìnnà jù sí ẹnu ọ̀nà, àwọn ọmọdé àti aláìní a sì wà nítòsí ìlẹ̀kùn, níbi tí atẹ́gùn ti ń wọlé, tí wọ́n ti ń dìde gbé nǹkan. Ẹ kò nílò ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ àwòrán kí ẹ tó mọ ẹni tó ń sin ẹnìkan. Ẹ wo ẹni tó na ọwọ́ sí búrẹ́dì ṣáájú, ẹ wo ẹni tó fi ọwọ́ lé àyà tó sì tẹrí ba, àti bóyá ẹni tí ó tẹrí ba fún dá a lóhùn. Búrẹ́dì wọn, «non», wọ́n kì í da ojú rẹ̀ dé ilẹ̀, wọn kì í sì í sọ ọ́ nù bó bá ṣe wà. Nítorí náà bí ẹ bá rí ẹni tó ń fi búrẹ́dì ṣe fújà nínú fíìmù àwọn ará ibẹ̀, ẹ mọ̀ pé wọ́n ti sọ ìwà rẹ̀ fún yín nìyẹn.

Tí ẹ bá fẹ́ wò ó pẹ̀lú àwọn àgbà tí kò ka Gẹ̀ẹ́sì, ẹ má gbìyànjú láti máa túmọ̀ gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ohùn mi há kí a tó dé ìdajì, kò sì sí ẹni tó gbọ́ orin kankan. Ohun tó ṣiṣẹ́ fún mi ni pé kí n sọ ìtàn abala kan bí àlọ́ ṣáájú, kí n wá dákẹ́ kí wọ́n wò ó. Ibi mẹ́ta péré ni mo máa ń dúró sí: ibi tí gbèsè bàbá ti di ti ọmọ, ibi tó ti sá, àti ibi tó ti kọ́kọ́ pàdé àwọn ọlọ̀tẹ̀. Àwọn àgbà a máa gba ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu ní ibi àkọ́kọ́, wọ́n á máa sọ ti ìwọ̀fà tí bàbá wọn rí tàbí tí wọ́n gbọ́ ní ilé, mo sì máa ń jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ tán.

Òpin fíìmù náà ló nílò ọgbọ́n jù. Ọdún 1956 ni, ọdún tí Khrushchev, olórí Sófíẹ̀tì, dìde ní oṣù kejì láti tú àṣírí ìwà ìkà Stalin, ẹni tó ṣe olórí ṣáájú rẹ̀, fún àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀. Síbẹ̀ fíìmù tí wọ́n ṣe ní ìlú tó ṣì ń jẹ́ orúkọ Stalin gbọ́dọ̀ fi òmìnira hàn gẹ́gẹ́ bí ohun tó dé pẹ̀lú àwọn ọmọ ogun Pupa, tó sì pé pérépéré ní ọjọ́ tó dé. Ẹ má gbà á bẹ́ẹ̀, ẹ má sì torí rẹ̀ da fíìmù náà nù. Ọ̀pọ̀ àwọn ará òkè bíi Yodgor gbé ìbọn dojú kọ ìjọba tuntun náà fún ọdún púpọ̀ lẹ́yìn 1920. Nusratullo Makhsum àti Shirinsho Shotemur, méjì nínú àwọn tó gbé orílẹ̀-èdè Tàjìkìstán dìde lábẹ́ Sófíẹ̀tì, ìjọba kan náà ló yìnbọn pa wọ́n ní 1937. Kò sí èyí nínú fíìmù, kò sì lè sí. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo gba ìdajì àkọ́kọ́ gbọ́ pátápátá, nítorí ẹni tó mọ ìyà náà lára ló kọ ọ́. Ìdajì kejì, mo máa ń gbọ́ ọ bí mo ṣe ń gbọ́ oríkì tí wọ́n ki níwájú ọba tó wà lórí oyè.

Bí Dokhunda bá ti yé yín, ẹ má jẹ́ kí bébà náà sọnù, nítorí fíìmù kan wà tó yẹ kí ẹ fi tẹ̀ lé e. Kosh ba kosh ni, tí Bakhtyar Khudojnazarov ṣe ní Dushanbe nígbà tí ogun abẹ́lé ti bẹ̀rẹ̀ ní Tàjìkìstán, tó sì gba àmì ẹ̀yẹ Kìnnìún Fàdákà ní Venice ní ọdún 1993. Ogun náà kò parí títí di 1997. Sófíẹ̀tì ti túká, òmìnira tí wọ́n kọ lórin ti dé lẹ́ẹ̀kejì, ìbọn sì ń dún nínú ìlú. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Daler ń ṣiṣẹ́ nídìí ọkọ̀ tó ń rìn lórí okùn wáyà láti ìsàlẹ̀ lọ sí òkè, nínú àpótí kékeré tó so rọ̀ sókè ìlú yẹn ni òun àti Mira ti ń rí ibi mí. Kò sí Ẹ́míà níbẹ̀ mọ́, kò sí qozī, kò sí ẹni tó ń gba sàká. Bàbá Mira ń ta tẹ́tẹ́, ó pàdánù, ó tún ta á, ó tún pàdánù, títí kò fi ku ohun tó lè fi lélẹ̀ mọ́ àyàfi ọmọ rẹ̀. Ẹ ó ṣàkíyèsí pé nígbà tí ẹ bá wo èyí, ìpín kẹta lórí bébà yín ni ẹ ó ti kọ́kọ́ rí orúkọ kọ sí.